ÀWỌN TÓ KỌ̀ JÁLẸ̀ NÍGBÀ OGUN: ÌTÀN TÓ YẸ KÍ ÀWA ARÁ MALU ROAD MỌ̀

  

Ojú ìwé ìtàn yìí kì í sábà kọjá ọ̀rọ̀ ọjà. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ ní kí á kọ nípa ogun. Nígbà tí a gbé e dé mítìn, àwọn kan béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ ogun. Ìdáhùn wa ni pé ọjà ni ogun máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Kí ìbọn tó dún, gààrí á ti wọ́n. Bí ìbọn bá sì dákẹ́ tán, àwa obìnrin náà la máa ń jókòó ka iye ẹni tó kù.

Kì í ṣe ìtàn àwọn ọ̀gágun la fẹ́ sọ. Àwọn yẹn ti ní ère, wọ́n sì ti fi orúkọ wọn pe títì. Àwọn tí a fẹ́ rántí ni àwọn tó sọ, nígbà tí gbogbo ìlú ń pariwo ogun, pé àwọn ò bá wọn lọ́wọ́ sí i.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE NÍLÙÚ ÒYÌNBÓ

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin mọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ìjọba fi òfin mú àwọn ọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun láti 1916. Bíi 16,000 nínú wọn ló sọ pé ẹ̀rí ọkàn àwọn kò gbà kí àwọn pa èèyàn. Nígbà ogun kejì, wọ́n tó 60,000. Wọ́n ju àwọn kan sẹ́wọ̀n, àwọn mìíràn gbà láti máa gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ tàbí láti lọ ṣiṣẹ́ oko. Aládùúgbò ń pè wọ́n ní ojo. Ṣùgbọ́n ní 1994, wọ́n gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀ ní Tavistock Square ní London láti fi rántí wọn, ọjọ́ 15 oṣù May sì ni ọjọ́ wọn lọ́dọọdún káàkiri ayé.

Ní Èkó tiwa, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn tó fúnra wọn lọ forúkọ sílẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe ṣọ́jà. Ní apá Biafra ni wọ́n ti ń mú àwọn ọmọkùnrin wọ iṣẹ́ ogun tipátipá. Nítorí náà, àwọn tó kọ̀ ní Èkó kò dúró níwájú adájọ́ kí wọ́n wá sọ pé àwọn kò ní gbé ìbọn. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà kọ̀. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa.

OGUN HÍTÍLÀ ÀTI ÀWỌN OBÌNRIN ỌJÀ ÈKÓ

Ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ló ń jà, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ dé Èkó. Wọ́n kó ọmọ wa lọ jà ní Burma, wọ́n sì tún ní kí ìlú máa fi owó àti oúnjẹ gbọ́ bùkátà ogun. Ní 1940, ìjọba gbé òfin owó orí jáde pé obìnrin Èkó tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ san owó orí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn obìnrin Èkó kì í san irú owó yẹn tẹ́lẹ̀.

Olórí àwọn obìnrin ọjà nígbà náà ni Màmá Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Erékò, Mùsùlùmí òdodo, tí kò lọ sílé ìwé rárá. Ìjọba mọ̀ wọ́n dáadáa. Ní 1936, tí wọ́n fẹ́ kó ọjà Erékò kúrò lójú ibi tó wà lọ sí Olúwọlé, Màmá kọ̀. Ọlọ́pàá tì wọ́n mọ́lé pẹ̀lú obìnrin mẹ́rin mìíràn. Àwọn obìnrin Èkó tú jáde títí ìjọba fi tú wọn sílẹ̀, ọjà Erékò sì dúró síbi tó wà.

Nígbà tí òfin owó orí yìí jáde, ọjọ́ 16 oṣù December 1940, obìnrin tó lé ní 100 wọ́ tìrìtìrì lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà. Wọ́n ti ọjà pa. Láàárín ọjọ́ méjì, Gómìnà Bourdillon sún owó náà sókè láti £50 sí £200. Obìnrin mélòó ní Èkó ló ń rí £200 lọ́dún nígbà náà? Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Òfin ṣì wà nínú ìwé, àmọ́ eyín rẹ̀ ti ká.

Èyí tó tún le jù ni ti kọ́ńtírólù. Láti bí 1941, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé oúnjẹ ní Èkó. Captain Pullen ni òyìnbó tí wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ètò náà títí dòní nínú ìwé ìtàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ẹ bá ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní mẹ́wàá, tí ẹ san owó mọ́tò, tí ìjọba wá ní mẹ́jọ ni kí ẹ tà á, kí lẹ fẹ́ ṣe? Àgbẹ̀ ò fẹ́ gbé ọjà wá mọ́. Ẹni tó ní díẹ̀ ń fi pamọ́. Ìjọba ṣí ibi tí wọ́n ti ń ta gààrí tiwọn, àwọn èèyàn tò síbẹ̀ títí, ọjà ò kárí. Ẹni tí ọwọ́ ọlọ́pàá bá tẹ̀ pé ó tà ju iye tí wọ́n dá, ilé ẹjọ́ ló ń lọ.

Ìjọba wá ronú pé bí àwọn bá ti mú olórí, àwọn yòókù á tẹ̀lé e. Wọ́n pe Màmá Pelewura pé kí wọ́n wá bá àwọn ṣiṣẹ́ kọ́ńtírólù, kí àwọn máa san owó oṣù fún wọn. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọn ò gbà kí wọ́n fi owó ra àwọn kí ebi sì máa pa ìlú tí wọ́n bí àwọn sí. Mítìn lórí mítìn, ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn obìnrin ò dákẹ́ títí ìjọba fi mú ọwọ́ kúrò nínú kọ́ńtírólù oúnjẹ ní 1945, nígbà tí ogun parí.

Kì í ṣe ogun fúnra rẹ̀ ni Màmá bá jà. Àwọn tó fẹ́ gbé ẹrù ogun ka obìnrin ọjà lórí láìbi í léèrè ni wọ́n bá jà. Àmọ́ nígbà tí ìjọba bá ń fi ogun ṣe àwíjàre fún gbogbo nǹkan, ẹni tó bá ní òun ò gbà, akin ni. Màmá Pelewura papòdà ní 1951.

ẸNI TÍ WỌ́N TÌ MỌ́ KIRIKIRI

Ẹ bọ́ sí Malu Road, kí ẹ forí lé Olódì Àpápá, kí ẹ máa lọ. Ẹ ó dé Kirikiri. Kò sí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí kò mọ ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn. Bí ọmọ bá ń ṣe ìpáǹle, Kirikiri la fi ń dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò mọ̀ pé nígbà ogun abẹ́lé, wọ́n ti ẹnì kan mọ́ ibẹ̀ tí kò jalè, tí kò pààyàn, tó kàn ní kí wọ́n má jagun ni.

Gbogbo wa la ti gbọ́ bí ogun yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì ní 1966, wọ́n sì pa àwọn Ígbò ní ìpakúpa ní òkè Ọya. Àwọn olórí lọ pàdé ní Aburi ní ilẹ̀ Ghana ní January 1967, wọ́n jọ ṣàdéhùn, àdéhùn ò dúró. Ní May ọdún náà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kó àwọn èèyàn lọ bá Ojukwu ní Enugu, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Ọjọ́ 30 oṣù yẹn ni Ojukwu kéde Biafra. Ọjọ́ 6 oṣù July, ìbọn dún.

Nígbà yẹn, Wọlé Ṣóyínká kò tíì ju ẹni ọdún 33 lọ. Yunifásítì Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n ṣe olórí ẹ̀ka eré orí ìtàgé ni. Wọ́n kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé kí àwọn tó ń jà dáwọ́ dúró, kí wọ́n ronú lórí ohun tí ogun máa fi sílẹ̀. Àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní kí àwọn ìlú òkèèrè má ta ìbọn fún apá kankan mọ́. Wọn ò fara mọ́ pé kí Biafra ya lọ, wọn ò sì fara mọ́ pé kí ìjọba àpapọ̀ fi ìbọn dá wọn padà. Ní August 1967, wọ́n gbéra, wọ́n kọjá lọ sí Enugu láti bá Ojukwu sọ̀rọ̀ lójúkojú. Níbẹ̀ ni wọ́n tún ti rí Ọ̀gágun Victor Banjo, ọmọ Yorùbá tó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Biafra, tí òun náà ń sọ pé ọ̀nà kẹta wà.

Ọ̀nà kẹta yẹn ò rí ẹsẹ̀ gbé. Àwọn ọmọ ogun tí Banjo ṣáájú gba ìlú Benin ní ọjọ́ 9 oṣù August, wọ́n rìn dé Orè. Ibẹ̀ ni ìjà ti gbóná débi tí àwọn èèyàn wa fi ń sọ pé “ó le kú, ìjà Orè” títí dòní. Ní September, Biafra yìnbọn pa Banjo, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ní tiwa níhìn-ín, ìjọba àpapọ̀ ti mú Ṣóyínká láti oṣù August. Wọ́n kéde fáráyé pé ó ti jẹ́wọ́ pé òun ran Biafra lọ́wọ́. Ṣóyínká ní irọ́ gbuu ni. Wọn ò gbé e dé ilé ẹjọ́ kankan tí ará ìlú fi lè gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì.

Kirikiri ni wọ́n kọ́kọ́ wà, kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí Kaduna. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tì wọ́n mọ́ inú yàrá láwọn nìkan, kò sí ìwé, kò sí gègé, kò sí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n fúnra wọn po yíǹkì. Orí ìwé tí èèyàn fi ń nùdí àti inú páálí sìgá ni wọ́n ń kọ nǹkan sí. Ó lé ní ọdún méjì kí ìjọba tó tú wọn sílẹ̀ ní October 1969. Ní 1972, wọ́n gbé ìwé The Man Died jáde nípa ohun tí ojú wọn rí. Ní 1986, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ti lítíréṣọ̀. Ní July 2024, nígbà tí wọ́n pé 90 ọdún, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ wọn pe Gbọ̀ngàn Eré Ìtàgé ti ìjọba tó wà ní Ìgànmú. Ẹ wò ó o: láti Malu Road wa yìí, Kirikiri ò jìnnà, Ìgànmú náà ò jìnnà. Ìjọba tó tì wọ́n mọ́ ọ̀kan ló fi orúkọ wọn pe ìkejì. Ọdún 57 ló wà láàárín méjèèjì.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí àwa obìnrin mọ̀ nípa wọn. Ìyá wọn, Màmá Eniola Soyinka, oníṣòwò ni, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń tà ní Aké ní Abẹ́òkúta. Wọ́n wà lára àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó bá Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jà lórí owó orí títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ọmọ tó dàgbà síbi tí àwọn ìyá ti ń sọ fún ọba pé “a ò gbà”, ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù ṣọ́jà á tètè bà á?

A mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹnu ò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a ka ìwé yìí ní ìgbìmọ̀, ìyá wa kan tí ẹ̀gbọ́n wọn kú sójú ogun ní ẹgbẹ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tó bá lọ bá ọ̀tá jókòó nígbà ogun, kí ó má bínú bí wọ́n bá mú un. A gbọ́, a ò sì já ọ̀rọ̀ wọn nù. Ọmọ ìyá wọn ni wọ́n ń sunkún. Ohun tí àwa rí ni pé onílàjà ló ń fara gbọgbẹ́. Bí oníbàárà méjì bá wọ̀yá ìjà níwájú ìsọ̀ yín, ẹni tó bọ́ sáàárín ni ẹ̀ṣẹ́ àwọn méjèèjì máa ń bà. Bí kò bá sì sí ẹni tó bọ́ sáàárín, ọjà gbogbo ni yóò dàrú.

ÀWỌN TÍ Ẹ̀SÌN WỌN KÒ GBÀ

A ò ní gbàgbé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Àwọn ló sún mọ́ àwọn ará London yẹn jù, nítorí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n gbé ìbọn fún ìjọba kankan. Nígbà Ogun Hítílà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìwé wọn ní Nàìjíríà. Nígbà ogun abẹ́lé, wọn ò gbè sápá kan, ìyà sì jẹ àwọn tó wà ní Biafra gan-an, níbi tí wọ́n ti ń fi tipá mú ọkùnrin lọ sójú ogun. Ọ̀pọ̀ wa nínú ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn máa ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n bá rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbà kí wọ́n na òun dípò kí òun pa ọmọ ẹlòmíràn, ó yẹ kí á kí i.

ÀWỌN OBÌNRIN TÓ TAJÀ LA OJÚ OGUN KỌJÁ

Ìjọba àpapọ̀ ti ojú omi àti ojú ọ̀nà mọ́ Biafra. Iyọ̀ di wúrà níbẹ̀. Ebi mú àwọn ọmọdé, ikùn wọn wú, irun wọn pọ́n. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní “ahia attack”. Ahia ni ọjà ní èdè Ígbò. Wọ́n ń gba inú igbó kọjá láàárín ṣọ́jà méjì tó ń yìnbọn síra wọn, wọ́n ń lọ ra iyọ̀ àti oúnjẹ ní ìhà kejì, wọ́n sì ń rù ú padà. Ọ̀pọ̀ ni kò padà. Ebi ọmọ ló lé wọn lọ. Àmọ́ ẹ ronú sí i: àwọn ọ̀gágun ní ọ̀tá ni àwọn tó wà lódì kejì, obìnrin tó ń ra iyọ̀ àti obìnrin tó ń tà á kò bá wọn ka èyí sí.

Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù January 1970. Àwọn onímọ̀ kan ní mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú, àwọn mìíràn ní ó tó mẹ́ta, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Gowon kéde pé kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ti lo àkáǹtì wọn nígbà Biafra dé báńkì, £20 péré ni wọ́n fún wọn, ohun yòówù kí wọ́n ti ní síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà pamọ́ lọ́sẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ fojú inú wò ó. Ẹni tó ti kó owó ogún ọdún jọ, tí wọ́n wá ka ogún pọ́n-ùn sí i lọ́wọ́.

Ní Èkó, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí á máa sọ fọ́mọ. Àwọn Ígbò tó sá lọ fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1970, ọ̀pọ̀ wọn bá ilé wọn bó ṣe wà, àwọn mìíràn sì gba owó ilé tí wọ́n ti bá wọn kó pamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo ní Nàìjíríà. Àwọn tó ṣe é kò kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, kò sì sí ẹni tó tì wọ́n mọ́lé. Wọ́n kàn kọ̀ láti fi ogun jẹ ogún aládùúgbò ni. Tiwọn náà wà nínú ìtàn yìí.

ÌDÍ TÓ FI KAN ÀWA

Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan. Yorùbá, Ígbò, Ijaw, Urhobo, Ìlàjẹ, Hausa, gbogbo wa la jọ ń fa omi, tí a jọ ń gba ọ̀nà Boundary. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí, bàbá wọn wà nínú ẹgbẹ́ ogun ìjọba àpapọ̀. Àwọn mìíràn, ìyá wọn lọ sí ahia attack. Wọ́n jọ ń bu ọwọ́ lùwé fúnra wọn lórí ẹ̀yáwó.

A ti rí i pé ogun lè dé ẹnu ọ̀nà wa láìjẹ́ pé ṣọ́jà wà níbẹ̀. Ní October 2000, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ níbí láàárín àwọn OPC àti àwọn Hausa, ó sì ràn ká Èkó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ, àwọn ìsọ̀ jóná. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn kan nínú àwọn ìyá wa ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò wọn sínú yàrá, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kò sí ẹnì kankan nínú ilé. A ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n ní kí á má dárúkọ àwọn. Àwọn mọ ara wọn, àwọn tí wọ́n gbà là náà mọ̀ wọ́n.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Èkíní, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ nílé, pàápàá àwọn ọkùnrin, torí àwọn olóṣèlú máa ń wá wọn tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé. Bí ẹnikẹ́ni bá fún ọmọ yín lówó tàbí igbó pé kí ó wá bá àwọn lé ẹ̀yà kan kúrò ládùúgbò, kí ọmọ náà mọ̀ pé èèyàn lè kọ̀, àti pé àwọn tó jù ú lọ ti kọ̀ rí. Èkejì, òfin wa lórí onídùúró kò yí padà: ẹ kò gbọdọ̀ béèrè ẹ̀yà ẹni kí ẹ tó dúró fún un. Ìwà ẹni àti bó ṣe ń san owó rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ ayẹyẹ wa, kí a tó gé àkàrà òyìnbó, a ó dìde dúró fún ìṣẹ́jú kan láti rántí gbogbo àwọn tí a dárúkọ níhìn-ín àti àwọn tí a kò dárúkọ. Imam wa àti pásítọ̀ wa yóò gbàdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, kì í ṣe aago mẹ́wàá ti ọjà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á rí ogun mọ́. Kò ní jẹ́ kí ọjà wa jó. Ẹgbẹ́ wa yóò máa gòkè àgbà, owó wa yóò pé, ọmọ wa yóò sì jogún ilé ayọ̀. Àmín, àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, fún Ìgbìmọ̀